Èbù Ọdún Tó Ń Bọ̀

Òtílí ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá bi yín pé báwo ni ọmọ ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn ṣe pàdé ọmọ àgbẹ̀ Ìlerò, ẹ sọ fún un pé ìkòkò òtílí kan tó kọ̀ tí kò jinná ni.

Ọdún tí sójà tún gbàjọba ni, ọdún tí wọ́n pa àwọ̀ owó dà, tí àwọn tó kó owó pamọ́ sábẹ́ ẹní ń sáré kiri bí adìẹ tó fẹ́ yé. Iyọ̀ wọ́n, ọṣẹ wọ́n, ṣúgà di ohun tí wọ́n fi ń kí aláìsàn. Àwọn ará ìgboro ń tò sórí ìlà nítorí ìrẹsì ìjọba. Ní ilé Ràmọ́nì àgbẹ̀ ní Ìlerò, wọn kì í tò sórí ìlà kankan. Ìyá Àgbà Àwáwù, ìyá tó bí Ràmọ́nì, kì í tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Kí n máa tò nítorí oúnjẹ? Ṣé ilẹ̀ ló kú ni?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ṣubúọlá wà lẹ́yìnkùlé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń koná mọ́ òtílí, ẹ̀wà oko tó le. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀, Ìyá Àgbà ló tọ́ ọ dàgbà, ó sì ti di ọmọ ọdún méjìlélógún. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà.

"Àsàlámù àlékùn."

"Wà àlékùmù sàlámù. Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yìnkùlé la wà."

Ọkùnrin náà ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, eruku ọ̀nà ti pa irùngbọ̀n rẹ̀ pupa. Ó ní Mùílì lorúkọ òun, pé aṣọ òkè lòun ń hun ní Ìsẹ́yìn, pé òwú òyìnbó ti di àwátì lọ́jà, àti pé wọ́n sọ fún òun pé ìyá arúgbó kan wà ní Ìlerò tó ṣì ń fọwọ́ ran òwú.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín," ni Ṣubúọlá dáhùn. "Ìyá àgbà wa ni. Wọ́n lọ kí ẹni tó bímọ, wọn ò ní í pẹ́ dé. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Bó ti ń wí i lọ́wọ́ ni ikùn rẹ̀ kùn, kẹ̀ẹ́. Ṣubúọlá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rẹ́rìn-ín.

"Ikùn yín ò gbà pẹ̀lú yín o," ló wí. "Òtílí mi ti fẹ́ jinná. Ẹ fara balẹ̀."

Irọ́ gbuu. Ẹni tó bá mọ òtílí mọ̀ pé kì í "fẹ́ jinná." Igi ni yóò máa jẹ, omi ni yóò máa mu, yóò sì máa wo alásè bí ẹni pé kò sóhun tó ń ṣe é. Oòrùn dé àtàrí, ó yẹ̀, òtílí ṣì le. Mùílì wọ́ àpótí súnmọ́ ààrò, ó ń bá a ti igi síná. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ òwú, ọ̀rọ̀ òwú di ti òjò, ti òjò di ti Ìsẹ́yìn, níbi tí òfì púpọ̀ ti dákẹ́. Ó ní bàbá òun ṣì ń jí lọ sídìí òfì láràárọ̀, kò sí òwú lórí rẹ̀, àmọ́ bàbá á jókòó, á máa fẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, àmọ́ àánú bàbá náà ṣe Ṣubúọlá débi pé ó gbàgbé láti bu omi sí ìkòkò.

Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ kí Ìyá Àgbà tó dé. Ó bá àjèjì ọkùnrin nídìí ààrò rẹ̀.

"Ta rèé?"

"Oníbàárà òwú yín ni, Ìyá."

"Àtìgbà wo ló ti ń dúró?"

Mùílì dọ̀bálẹ̀. "Láti ìyálẹ̀ta ni, Ìyá. Òtílí ni mò ń dúró dè."

Ìyá Àgbà wò ó, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wo ìkòkò, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o ò sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ó di ọ̀la?" Ó bu òrí sí i, ó wọ́n iyọ̀ díẹ̀ lé e, wọ́n jọ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ta léyín díẹ̀ o. Mùílì lá àwo.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà Ìlerò tí Mùílì kì í wá. Ó máa ń ra òwú tán ní kíákíá, á wá jókòó. Ó wá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé nínú ilé náà. Eérú ààrò kì í ṣòfò, ọṣẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ewé oṣè tí wọ́n sá gbẹ ni wọ́n ń gún fi se ọbẹ̀ lúrú. Epo tó wọ́n, òrí ló dípò rẹ̀. Ìṣáná pàápàá, Ìyá Àgbà kì í ṣá a lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó máa ń fi eérú bo ẹyin iná mọ́jú ni.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí," ni Mùílì wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ mọ̀ pé ìlú le ṣá?"

"A gbọ́ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò," ni Ṣubúọlá dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá wo Ṣubúọlá dáadáa, Ṣubúọlá náà sì mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sí bí òun ṣe fẹ́ purọ́ fún ara òun.

Oríkì ni wọ́n wá ń pe ara wọn. Àṣàkẹ́ ni Mùílì ń pe Ṣubúọlá, Àkànní ni òun náà ń pè é, bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí.

"Àṣàkẹ́ mi," ló wí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, "kò sí ohun tí mo ní tí mo lè fi fẹ́ ọ lọ́dún yìí."

"Ṣé mo ní kí ẹ fi nǹkan fẹ́ mi ni? Ẹ fi ara yín fẹ́ mi."

Bàbá Ṣubúọlá ló kù. Ràmọ́nì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ ni kì í pọ̀. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tó bá fi máa délé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé Mùílì wá tọrọ, ó wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà.

"Ọwọ́ yìí rọ̀," ló wí.

"Ọwọ́ ahunṣọ ni, bàbá. Bó bá le, òwú á máa há sí i."

"Mo gbọ́. Mi ò bèèrè owó. Owó ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ méjì, ẹ wá ṣiṣẹ́ àna lóko mi lọ́jọ́ kan péré. Iṣu àkọ́kọ́ ti tó wà. Bí mo bá rí iṣẹ́ rẹ, mo rí ọ."

Ó dára bẹ́ẹ̀. Inú gbogbo wọn dùn. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n ránṣẹ́ pe Ràmọ́nì sí Òtù nítorí ajílẹ̀ tí ìjọba fẹ́ pín fún àwọn àgbẹ̀. Ó tọ́ka ebè ọgọ́fà sí Mùílì lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Iṣu nìyẹn, ẹ wà á," ó gun ọkọ̀ lọ. Kò ṣàlàyé. Ta ní í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wa iṣu fún ọkùnrin tó tó gbéyàwó?

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín, kí ẹ má baà ṣi Mùílì gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wa iṣu yìí. Ní àkọ́kọ́, tí òjò ṣì wà, ẹ ó ṣí ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó gé iṣu náà lábẹ́ orí, ẹ ó sì da yẹ̀pẹ̀ padà bo orí tòun ti gbòǹgbò. Ìtàkùn kò ní í mọ̀ pé ẹ wá. Kí ọyẹ́ tó mú, orí yẹn á ti ta iṣu wẹ́wẹ́ sábẹ́, àwọn yẹn sì ni èbù tí ẹ ó gbìn. Ẹni tó bá fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti jẹ ọdún tó ń bọ̀ mọ́ tọdún yìí.

Ọmọ àgbẹ̀ ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ọmọ ahunṣọ mẹ́ta ló wà lóko náà: Mùílì, Ìyápọ̀, àti Ayọ̀dèjì.

Ọ̀sán ni Ṣubúọlá gbé oúnjẹ lọ, òun àti Ìyá Mọ́ládé, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ bí àṣà ti wí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ àna, ọmọbìnrin tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ lanu bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá rí i, kó fi ìborùn bo ojú, kó sá. Ọmọ tó bá dúró, wọ́n á ní ó ti kánjú jù, pé kò tí ì wọlé ọkọ tó ti ń pàṣẹ.

Ìyá Mọ́ládé dúró sí ahéré, ó ń bu oúnjẹ. Ṣubúọlá gbé agbè lọ pọn omi ní odò tó wà lẹ́yìn oko. Àgbàdo ga láàárín ahéré àti ebè iṣu, kò sí ẹni tó lè ti ibẹ̀ rí ibi iṣẹ́. Ìgbà tó yọ sí òdìkejì ló rí i.

Ìtàkùn iṣu nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n kó wọn jọ rẹpẹtẹ bí igi ìdáná. Nǹkan bí ọgbọ̀n ebè ló ti túká, tí orí, gbòǹgbò, gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Mùílì gbójú sókè, ó rí i. Òógùn bò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Ó gbé iṣu ńlá kan sókè pẹ̀lú ìtàkùn rẹ̀.

"Ṣubúọlá! Jọ̀ọ́, ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe é? Àbí ó yẹ ká fi nǹkan sílẹ̀ nínú ebè?"

Ó bèèrè. Ẹ fi sọ́kàn pé ó bèèrè.

Èsì wà lẹ́nu Ṣubúọlá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: ẹ dúró. Àmọ́ Ìyápọ̀ àti Ayọ̀dèjì ti nàró, wọ́n ń wò ó, wọ́n fẹ́ rí irú ìyàwó tí ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ fẹ́. Ojú tì í. Ó fa ìborùn bo ojú, ó sì sá.

Àwọn ọkùnrin pariwo ẹ̀rín. "Ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn!" ni Ayọ̀dèjì wí. Ó sì gbọ́ ohùn Ìyápọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: "Ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé kò dára ni, ṣé ò ní í sọ ni?"

Ìyá Mọ́ládé rí i bó ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìborùn lójú, ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ Àsíátù! Ìyá rẹ á máa rẹ́rìn-ín lọ́run."

Ṣubúọlá lanu láti sọ fún un, ó pa á dé. Ẹnu Ìyá Mọ́ládé kì í gbà á dúró, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo Ìlerò á ti gbọ́ pé ẹni tí Ṣubúọlá fẹ́ fẹ́ kò mọ iṣu wà. Ó ní òun á sọ fún Ìyá Àgbà tóun bá délé. Nígbà tó délé, Ìyá Àgbà ti lọ sí òkú ní ìsàlẹ̀ ìlú. Nígbà tí Ìyá Àgbà fi dé, ebè ọgọ́fà ti ṣófo.

Ràmọ́nì dé lọ́jọ́ kejì, ó gba oko kọjá kó tó wọlé. Ìtàkùn kan ló mú lọ́wọ́ wọlé. Mùílì ti ń dúró dè é ní iwájú ilé, ó rò pé ọpẹ́ lòun fẹ́ gbà.

"Ta ló ní kí ẹ fà wọ́n tu?"

Mùílì wo ìtàkùn, ó wo ojú bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n là á fún un. Ó gbọ́ ọ yé.

"Ìwọ tó ò mọ̀ ọ́n wà," ni Ràmọ́nì wí, "ṣé o bi ẹnikẹ́ni?"

Ṣubúọlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mùílì gbójú sókè, ó wò ó, ó tún wolẹ̀.

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni, bàbá."

Sùbùhánà! Ara Ṣubúọlá tutù bí omi àmù. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ bà á, ojú sì ń tì í.

"Èèyàn tí kò mọ̀, tó bèèrè, ń bọ̀ wá mọ̀," ni Ràmọ́nì wí. "Èyí tí kò mọ̀, tí kò sì bèèrè, ebi ló máa fi pa ọmọ mi. Níbo ni mo ti fẹ́ rí èbù lọ́dún tí gbogbo ayé ń ṣọ́ tirẹ̀? Máa lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Mùílì lọ, àmọ́ kò lọ sí Ìsẹ́yìn. Ìròyìn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan rí i lóko ní Òtù, ó ń ro koríko. Ẹnì kan rí i ní Adó-Àwáyè, ó ń bá wọn kọ ebè. Kì í gba owó. Ó ní bí wọ́n bá wa iṣu lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n fún òun ní èbù. Àwọn kan fún un ní mẹ́ta fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ahun fún un ní ẹyọ kan.

Oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu Ṣubúọlá mọ́. Ó ń lọ ata, á dúró.

Oṣù kẹta tí Mùílì ti lọ ni wọ́n pàdé lọ́jà Òtù, níbi tó ti gbé elùbọ́ lọ tà. Mùílì ti gbẹ, oòrùn ti jó o dúdú. Ṣubúọlá mú ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ó ti le bí èèpo igi.

"Àkànní, ọwọ́ yìí ò tún ní í ṣeé hunṣọ mọ́."

"Á rọ̀ padà. Òrí ṣì wà nílé yín, àbí?"

"Kí ló dé tí ẹ purọ́ fún bàbá mi?"

"Irọ́ wo?"

"Pé ẹ ò bèèrè."

"Ṣé mo bèèrè ni? Mi ò rántí." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ Ṣubúọlá nínú. Ó bú sẹ́kún. Mùílì fi etí agbádá rẹ̀ tó ti gbó nù ún lójú.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn."

"Má sọ ọ́, Àṣàkẹ́ mi. Bó o bá sọ ọ́, ojú tí bàbá ń fi wò ọ́ á yàtọ̀. Èmi lè rí àna mìíràn. Ìwọ ò lè rí bàbá mìíràn."

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o. Ó dun Ṣubúọlá, àmọ́ ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ pé wọ́n ní kó má sọ ọ́. Bí ènìyàn ṣe rí nìyẹn. Ó padà sílé pẹ̀lú ìtùnú tí kò tọ́ sí i, ìtùnú náà kò sì bá a sùn mọ́jú ọjọ́ kejì.

Ọyẹ́ ti mú, ètè ti ń là, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já Mùílì sílẹ̀ níwájú ilé Ràmọ́nì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin. Èbù ló kún inú wọn. Ràmọ́nì jáde wá. Ó jókòó sórí àga, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n wò, ó ń gbóòórùn wọn. Ìyá Àgbà dá òwú tó ń ran dúró. Ìyá Mọ́ládé wá láti ilé kejì. Ọgọ́fà ló pé, ọ̀kan nínú wọn kò rà.

Ràmọ́nì gbọn ọwọ́. "O ṣe ọkùnrin," ló wí. "Mi ò rò pé o lè ṣe é. Ọlọ́run á san án fún ọ."

"Àmín, bàbá."

"Mo gba èbù mi. Mo dárí jì ọ́, kò sí ìbínú kankan níkùn mi. Àmọ́ ọmọ mi, mi ò ní í fún ọ." Kò pariwo, ìyẹn ló tún jẹ́ kó burú. "Èbù ṣeé dá padà. Ìwà ni kò ṣeé rà lọ́jà. Lọ́jọ́ náà o rí i pé o ò mọ̀ ọ́n, ìgbéraga ò jẹ́ kó o bèèrè. Ọdún le, Mùílì. Ẹni tí kì í bèèrè, àṣìṣe kan péré ló máa fi pa agboolé run."

Mùílì tẹrí ba. "Mo gbọ́, bàbá." Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀. Ó fẹ́ lọ. Lóòótọ́ ló fẹ́ lọ, láìsọ ọ́, kó sì máa gbé ẹ̀gàn náà kiri títí ayé.

"Ó bèèrè."

Gbogbo wọn yíjú. Ṣubúọlá ti kúnlẹ̀ sáàárín apẹ̀rẹ̀ èbù.

"Bàbá mi, ó bèèrè. Èmi ló bi. Mo lọ pọn omi, ọgbọ̀n ebè ni wọ́n tí ì fọwọ́ kàn, ó ké pè mí, ó ní ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe é, àbí kí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo fi ìborùn bojú, mo sá. Àádọ́rùn-ún ebè ni ǹ bá gbà là. Nígbà tí ẹ bi í, ó bò mí láṣìírí. Ẹ̀rù bà mí, mo jẹ́ kó bò mí. Ẹ bínú sí mi."

"Yéè!" ni Ìyá Mọ́ládé wí. "Ọjọ́ tí mo pàtẹ́wọ́ fún ọ!"

Ràmọ́nì wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ó dùn ún, gbogbo wọn rí i pé ó dùn ún. Ó yíjú sí Mùílì.

"Ṣé òótọ́ ló sọ?"

Mùílì wolẹ̀, kò fèsì.

"Mo bi ọ́ léèrè o! Àbí yíyadi lẹ̀yin méjèèjì fẹ́ fi kọ́lé?"

"Òótọ́ ni, bàbá."

"Oṣù mélòó ni mo ti ń pè ọ́ ní agbéraga?"

"Oṣù mẹ́rin, bàbá."

"O sì ń gbọ́."

"Mò ń gbọ́, bàbá."

Ìyá Àgbà túnṣọ ró, ó fọ̀rọ̀ sí i. "Ìwọ náà ńkọ́, Ràmọ́nì? O nawọ́ sí iṣu fún ọmọ ahunṣọ, o gun ọkọ̀ lọ. Ta lo sọ ọ́ fún? Bó bá jẹ́ pé sídìí òfì ni wọ́n fi ọ́ sí, ṣé o ò ní í so ara rẹ mọ́ ọn?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Mọ́ládé, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ràmọ́nì kò rẹ́rìn-ín. Ó mú èbù kan, ó yí i lọ́wọ́ títí.

"Ó dùn mí, Ṣubúọlá," ló wí níkẹyìn. "Kì í ṣe ti iṣu. O jẹ́ kí n dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi láìṣẹ̀ lójú rẹ, o ń wò mí."

"Ẹ forí jì mí, bàbá."

"Dìde nílẹ̀." Ó ju èbù náà padà sínú apẹ̀rẹ̀. "Lọ́la, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa gbin ọgọ́fà yìí. Òun á máa kọ ebè, ìwọ á máa gbìn. Bí ó bá ṣì ọ́n kọ, sọ fún un. Bí ìwọ náà bá ṣì ọ́n gbìn, kó sọ fún ọ. Bí ẹ bá gbìn ín tán tí ẹ sì tún ń fẹ́ra yín, ẹ lọ pe Alífà wá."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbìn ín. Àwọn tó gba ẹ̀bá oko kọjá sọ pé láti àárọ̀ títí di alẹ́, wọ́n ń bára wọn jiyàn bí ẹyẹ ẹ̀ga, àti pé ẹ̀rín tún pọ̀ ju ìjà lọ. Wọ́n tún ń fẹ́ra wọn.

Kò sí ìrẹsì lọ́jọ́ yìgì wọn, kò sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ohun tí ilẹ̀ bí ni wọ́n jẹ: iyán, ọbẹ̀ lúrú, àti ewúrẹ́ kan tí Ìyá Àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ sìn. Bàbá Mùílì wá láti Ìsẹ́yìn, ó jókòó láàárín àwọn àgbẹ̀, ó ń jẹ iyán bí ẹni tí wọ́n ní kò ní í padà sílé. Alífà ka ohun tó yẹ ní kíkà, ó wá yíjú sí ibi tí wọ́n fi aṣọ funfun bo ìyàwó sí láàárín àwọn obìnrin.

"Ṣubúọlá ọmọ Ràmọ́nì, ṣé o gbà láti fẹ́ Mùílì yìí?"

Ẹ sì mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ìyàwó kì í fèsì. Á tẹrí ba, á dákẹ́, àwọn àgbà á ní ìdákẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó gbà, wọ́n á ṣàdúà, gbogbo ayé á sì yìn ín pé ojú ń tì í. Alífà pàápàá ti la ẹnu láti bọ́ sórí àdúà.

Ṣubúọlá ká aṣọ funfun kúrò lójú.

"Mo gbà," ló wí. Ó wo Mùílì tààrà, ó tún un wí, ó sì pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó wà níta gbọ́. "Wọ́n bi mí, lónìí mo dáhùn. Mo gbà!"

Agbo dà rú. Àwọn ọkùnrin hó, àwọn arúgbó ń mi orí. Ìyá Mọ́ládé káwọ́ lérí.

"Háà! Ẹ gbà mí! Ọmọ yìí ò mà tijú!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ràmọ́nì wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti tijú tó."